Káàdì Dúdú àti Ẹsẹ̀ Màámi

Ọkọ mi ló sọ káàdì dúdú mi ní Ọ̀gá. Bí a bá dúró níwájú ẹni tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ohun tí a rà kò ju búrẹ́dì àti mílíìkì lọ, á tì mí lápá, á ní kí n jẹ́ kí Ọ̀gá sinmi, òun ni òun máa san. Ó máa wá yọ káàdì tirẹ̀ jáde, pẹlẹbẹ kan báyìí tó ti họ létí, káàdì báńkì tí kò ní ilé, tí kò ní máníjà, tí gbogbo ara rẹ̀ wà nínú fóònù. Èmi náà a máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń bi í pé báńkì tí èèyàn kò lè lọ bá lẹ́nu ọ̀nà kó bú u dáadáa, ṣé báńkì nìyẹn?

Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni ọkọ mi. Ẹ̀yà Súlù ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, kò sì mọ ohun tí ojú àlejò ń rí. Èmi ń kọ́ni ní yunifásítì ní Braamfontein, mo ti pẹ́ ní Johannesburg, síbẹ̀ ìwé ìrìnnà mi aláwọ̀ ewé ṣì máa ń mú kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á wò mí, wọ́n á tún wo ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí báńkì kan ní Sandton pè mí pé àwọn fẹ́ fún mi ní káàdì dúdú, ọkùnrin tó wọ kóòtù tó wá pàdé mi ti pè mí ní Dókítà kí n tó sọ orúkọ mi. Ó gbé kọfí wá fún mi nínú ife tanganran. Inú mi dùn, n kò ní parọ́.

Ó ní káàdì náà kì í ṣe ti nǹkan rírà nìkan. Inṣọ́ránsì wà nínú rẹ̀. Bí ẹrù mi bá sọnù ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á san án. Bí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹbí mi tó wá kí mi, wọ́n á san án. Níbi gbólóhùn yẹn ni mo ti dá a dúró. Mo ní, “Màmá mi ńkọ́? Nàìjíríà ni wọ́n ti máa ń wá.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Dókítà, bí ẹ bá ṣáà ti fi káàdì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, Mama is covered.”

Owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù kì í ṣe kékeré. Wọn kì í sì í sọ èwo ni ti kọfí, èwo ni ti àga onítìmùtìmù tí wọ́n tò sí pápákọ̀, èwo ni ti inṣọ́ránsì. Wọ́n dì í pọ̀ bí ẹrù ìyàwó, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Ọkọ mi bi mí pé èwo gan-an ni mò ń sanwó fún nínú rẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn. Mo ní kó lọ máa bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léèrè, kó fi mí sílẹ̀. Mo ka ìwé dídán tí wọ́n fi káàdì náà sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún un kà, nítorí ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò kí Màámi wá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Èkó, òun ni àkọ́bí wa. Mo sọ fún un pé káàdì mi ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì.

“Ìwọ nìkan lo ni ìyá ni?”

“Bùọ̀dá mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inṣọ́ránsì wà lórí ẹ̀ ni.”

“Fi ìpín tìẹ ránṣẹ́. Èmi á bá ẹni tó máa ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀.”

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè rò pé agídí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọ kan kì í dá gbé ìyá rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ yí òrùlé Màámi padà, gbogbo wa ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ra awò ojú fún un, gbogbo wa náà ni. Àbúrò wa tó kéré jù, tí kò tíì ríṣẹ́ tó dúró, á rí nǹkan fi sí i, ìbáà ṣe díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Àdúrà tí Màámi máa ń gbà nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fẹ́ kó fo òun, torí ó máa ń dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá lọ́wọ́ sí i. Ọmọ tó bá dá tíkẹ́ẹ̀tì rà ti jí àdúrà àwọn yòókù nìyẹn. N kò bá bùọ̀dá mi jiyàn mọ́. Mo fi káàdì dúdú fi ìpín tèmi ránṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Wọ́n ní kí n fi káàdì san, mo sì ti fi káàdì san.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Màámi dé, lẹ́yìn tó jẹun tán, mo gbé Ọ̀gá sí i lọ́wọ́. Mo ní èyí ló ń ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà lọ́dọ̀ wa. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e súnmọ́ ojú.

“Orúkọ tìẹ ló wà lára ẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Ṣé ó wá mọ̀ mí?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Ó mọ̀ yín dáadáa.”

Ọkọ mi béèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo káàdì náà lọ́wọ́ Màámi, ó sì dìde lọ fọ abọ́.

Ẹsẹ̀ ni ohun ìní tí Màámi ní. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ní ìlú Ìjẹ̀ṣà kan tó jẹ́ kìkì òkè, ẹsẹ̀ ló sì fi ń lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Kò gun ọ̀kadà rí. Kò pẹ́ tó dé Troyeville, àdúgbò wa, tó fi gba iṣẹ́ mímú ọmọ mi lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Wọ́n á jáde láàárọ̀, Màámi á máa fi Ìjẹ̀ṣà tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọbìnrin mi, tí wọ́n bí síbí, á máa fi òyìnbó dá a lóhùn. Èmi ti sọ Yorùbá sí ọmọ yìí títí ọ̀fun mi fi gbẹ, kò ràn án. Ṣùgbọ́n Màámi kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jà, ó kàn ń bá a rìn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọ náà fi Yorùbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Màámi bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀ pé, “Ó ti tó.” Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo rọra padà sẹ́yìn kó má baà rí mi.

Àsìkò tí igi jakarándà ń tanná ni. Òjò rọ̀ mọ́jú, òdòdó rẹ̀ sì ti bo ẹ̀bá títì wa, aláwọ̀ elésè àlùkò, ó dára lójú, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Àwa tí a ń gbé àdúgbò náà mọ̀ pé a kì í tẹ̀ ẹ́ láìwolẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún Màámi. Mo ń múra ibi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ mi sáré padà wọlé, báàgì ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Mommy, Grandma fell. She can't get up!”

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fi gèlè bo itan rẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá má baà rí i. Ó ní kò sí ohun tó ṣe òun, kí n kàn gbé òun dìde. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó ké. N kò gbọ́ igbe lẹ́nu Màámi rí.

Ọkọ mi ló wa ọkọ̀. Iná ti lọ ládùúgbò, gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, ló kú, ní gbogbo oríta ni a ti ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá. Nílé ìwòsàn aládàáni tó súnmọ́ wa, dókítà wo àwòrán egungun, ó ní egungun ìbàdí ti ṣẹ́, iṣẹ́ abẹ ló máa tún un ṣe, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Mo bi í pé bó bá pẹ́ ńkọ́. Ó wo Màámi, ó wá rọra sọ fún mi pé àgbàlagbà tó bá fi irú egungun báyìí dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹlòmíràn nínú wọn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì béèrè inṣọ́ránsì tí a ní. Mo yọ Ọ̀gá jáde. Tìgboyà-tìgboyà ni mo fi yọ ọ́.

Wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gbọ́ tẹlifóònù fún àwọn tó ni káàdì dúdú. Ohùn obìnrin ni, ó tutù, ó ń pè mí ní Mama. Ó gba orúkọ mi, ó gba orúkọ Màámi, ó gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì.

“Mama, ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí?”

“Gbogbo wa.”

“Mo ní, káàdì wo ni wọ́n fi rà á?”

“Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n mo fi káàdì yín san ìpín tèmi. Ẹ wò ó, á hàn lójú yín níbẹ̀.”

“Mo rí i. Eish, Mama. Odindi tíkẹ́ẹ̀tì ni káàdì gbọ́dọ̀ rà.”

Mo bi í pé níbo ni wọ́n kọ ìyẹn sí. Ó ní ó wà nínú àdéhùn kíkún tó wà lórí ìkànnì, kò sí nínú ìwé dídán. Mo bi í pé ṣé bó bá jẹ́ pé mo dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rà, tí mo ti àwọn ọmọ ìyá mi yòókù sẹ́yìn, wọn ì bá sanwó iṣẹ́ abẹ yìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìyẹn ni pé nítorí pé àwa ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ ni ẹ ò fi ní san?”

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Mama, nílé tiwa náà, gbogbo wa la máa ń dá a.” Ó wá padà sí ohùn iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kò gba òun láyè, ó sì béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà tí òun lè bá mi ṣe.

Inú bí mi gidigidi. Bí ọkùnrin kóòtù yẹn bá wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, ife tanganran rẹ̀ ì bá fọ́. Mo ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní Màámi kò ní dùbúlẹ̀ di arọ nítorí gbólóhùn kan tí wọ́n lọ fi pamọ́. Ó wá láti fẹsẹ̀ rìn ni, ẹsẹ̀ náà ló sì máa fi padà.

Ọkọ mi dúró tì mí, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Báńkì tèmi náà kò ní san. Mo ti bi wọ́n kí Mama tó dé.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Rárá. Wọ́n ní inṣọ́ránsì àwọn kò kan àlejò láti òkè òkun. Gbólóhùn kan ni, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“O ò wá sọ fún mi!”

“Mo sọ. O ní Ọ̀gá ti gbà á.”

Òótọ́ ló sọ. Mo pe bùọ̀dá mi. Kò bi mí léèrè ohun tí inṣọ́ránsì wí, kò sì rán mi létí ohunkóhun. Ó ní, “Fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́.” Mo ní kó jẹ́ ti ọkọ mi, torí n kò fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá kọjá. Ọkọ mi ti kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, tèmi náà sì tẹ̀ lé e. A jókòó sórí àga onírin kan, a ń wo fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́, á dún, orúkọ ẹni náà á jáde, ohun tí báńkì yọ nínú rẹ̀ á sì jáde lábẹ́ rẹ̀ gbangba. Orúkọ bùọ̀dá mi jáde. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn jáde. Nígbà tí ti àbúrò wa tí kò ríṣẹ́ jáde, tí mo rí iye tó fi sí i, omi dà lójú mi wọ́ọ́. Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tó ní nìyẹn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Màámi lajú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ta ló mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí Màámi ti ń fi ọ̀pá rìn nínú yàrá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sandton. Ọkùnrin kóòtù gbé kọfí dé. Mo ní kó gbé e padà, kó bá mi ti káàdì pa. Ó ní bóyá kí òun dín owó oṣooṣù kù fún mi. Mo ní rárá. Ó ní ọ̀gá òun á fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kó pè é wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ọ̀gá rẹ̀ dé, òun náà pè mí ní Dókítà, ó ń tọrọ àforíjì lóríṣiríṣi láìsọ ohun tí wọ́n ṣe. Mo fi ìwé dídán wọn síwájú rẹ̀, mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ káàdì àti tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n kọ “odindi” síbẹ̀ kí ìyá ẹlòmíràn má baà ṣubú. Ó ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. N kò dìde títí wọ́n fi ti àkáǹtì náà pa lójú mi. Wọn kò tíì kọ “odindi” síbẹ̀ títí di òní. Mo ń kọ̀wé sí wọn, n kò sì ní dẹ́kun. Wọ́n mọ orúkọ mi dáadáa báyìí, wọn kì í sì fi kọfí kún un mọ́.

Lọ́jọ́ tí Màámi ń padà sílé, orí bẹ́ǹṣì lásán ni a jókòó sí ní pápákọ̀, a ń jẹ búrẹ́dì tí ọkọ mi fi ẹyin sí. Inṣọ́ránsì tó ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí orúkọ Màámi wà lórí rẹ̀, ni a rà fún ìrìn àjò náà, gbogbo wa la sì rà á. Èmi ni mo kà á fún un nílé, láti ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọn kò ní san. Ó rí káàdì tuntun tí mo fi ra omi, irú ti ọkọ mi. Ó gbà á wò.

“Èyí ńkọ́? Ó mọ̀ mí?”

“Rárá, Màámi. Ó ti sọ ọ́ fún mi pé òun kò mọ̀ yín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. “Ó káre. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èmi arọ rèé, mo ti gbọ́.”

Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé, torí bùọ̀dá mi ti sọ fún wọn láti Èkó. Màámi kí i, ó dúpẹ́, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ náà. Ó ní báàgì ló rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ó tẹ ìkejì. Ọkọ mi fẹ́ nawọ́ dì í mú, mo fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ mi ló bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láàárọ̀, ó di ọwọ́ tí kò sí ọ̀pá mú. Ilẹ̀ pápákọ̀ ń dán. Ọmọ náà wo ilẹ̀ dáadáa, ó sì gbójú sókè wo Màámi.

Ó ní, “Ẹ rọra.”